Bí Aláìsàn Bá Ní Ara Òun Kò Gba Abẹ́rẹ́ Amárakú: Ohun Tó Yẹ Kí Ẹbí Mọ̀ Kí Wọ́n Tó Fi Kátẹ́tà Sí I

Ọ̀pọ̀ ẹbí ni ọ̀rọ̀ yìí máa ń bá lójijì nílé ìwòsàn. Bàbá kò rí ìtọ̀ tọ̀ láti òru, ìsàlẹ̀ ikùn wọn ti le gbagidi, nọ́ọ̀sì sì ti gbé rọ́bà ìtọ̀ dé. Kó tó fọwọ́ kàn wọ́n, ó béèrè pé: “Ṣé oògùn kan wà tí ara bàbá kì í gbà?” Màmá dáhùn pé: “Abẹ́rẹ́ tí wọ́n gún wọn nígbà tí wọ́n fẹ́ yọ eyín lọ́jọ́sí kò bá wọn lára mu rárá.” Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti ń dojú rú. Àwọn òṣìṣẹ́ kan á fi kátẹ́tà náà sí wọn láìlo ohunkóhun tó máa dín ìrora kù. Àwọn mìíràn á ka ọ̀rọ̀ màmá sí ọ̀rọ̀ ẹnu lásán, wọ́n á sì lo oògùn kan náà. Ọ̀nà méjèèjì ni kò dára. Ti àkọ́kọ́ ń fi ìyà jẹ aláìsàn láìnídìí, ti èkejì sì lè gba ẹ̀mí.

A kò kọ àlàyé yìí kí ẹnikẹ́ni lè máa ṣe dókítà ara rẹ̀ nílé. A kọ ọ́ kí ẹ lè dá nọ́ọ̀sì àti dókítà lóhùn lọ́nà tó máa ràn wọ́n lọ́wọ́, kí ẹ sì mọ̀ pé ọ̀nà àbáyọ pọ̀.

Kátẹ́tà àti oògùn amárakú

Kátẹ́tà ni rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n ń tì bọ inú ara láti fa nǹkan jáde tàbí láti fi nǹkan wọlé. Èyí tí àwọn èèyàn mọ̀ jù ni ti ìtọ̀, tó ń gba ojú ara lọ sínú àpò ìtọ̀. Òmíràn wà tí wọ́n ń fi sínú iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá tó wà ní ọrùn tàbí itan, pàápàá fún ẹni tí wọ́n ń fọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ nítorí àìsàn kíndìnrín. Òmíràn tún wà tí wọ́n ń fi sí ẹ̀yìn aboyún kí ìrora ìrọbí lè dín kù.

Oògùn tó ń mú ojú kan ṣoṣo kú lára, tí aláìsàn kò sì ní sùn, ni a ó máa pè ní oògùn amárakú nínú àlàyé yìí. Ẹ rántí bí ẹsẹ̀ ṣe máa ń kú tí èèyàn bá jókòó lé e pẹ́. Oògùn náà ń dá iṣan tó ń gbé ìrora lọ sí ọpọlọ dúró fún ìgbà díẹ̀. Fún kátẹ́tà ìtọ̀, jẹ́ẹ̀lì ni wọ́n máa ń fún sínú ihò tí ìtọ̀ ń gbà jáde, èyí tó sì wọ́pọ̀ jù ni èyí tó ní lidocaine ìdá 2 nínú 100. Ó yẹ kí wọ́n dúró fún ìṣẹ́jú 3 sí 5 kó lè ṣiṣẹ́ kí wọ́n tó ti rọ́bà náà. Fún kátẹ́tà ọrùn, abẹ́rẹ́ lidocaine ni wọ́n ń gún sí awọ ibi tí rọ́bà máa gbà wọlé.

Ìdílé méjì ni àwọn oògùn yìí

Ibí yìí ni kókó ọ̀rọ̀ wà. Oògùn amárakú pín sí ìdílé méjì. Ìdílé kìíní ń jẹ́ ester. Procaine, benzocaine, tetracaine àti chloroprocaine wà níbẹ̀. Ìdílé kejì ń jẹ́ amide. Lidocaine, bupivacaine, ropivacaine, mepivacaine àti prilocaine ló wà níbẹ̀. Ọ̀nà ìrọ̀rùn kan wà láti fi dá wọn mọ̀ lára páálí: nínú orúkọ àwọn ti ìdílé amide, lẹ́tà “i” máa ń fara hàn kí ẹ tó kan “caine” tó gbẹ̀yìn orúkọ náà. Nínú orúkọ àwọn ester tí a dárúkọ yìí, kò sí lẹ́tà “i” kankan ṣáájú “caine”.

Procaine ló kọ́kọ́ gbajúmọ̀. Alfred Einhorn, ará Jámánì, ló ṣe é ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún. Ní 1943 ni Nils Löfgren ṣe lidocaine ní orílẹ̀-èdè Sweden, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í tà á ní 1948. Ara ohun tó jẹ́ kí lidocaine gba ipò mọ́ procaine lọ́wọ́ ni pé ó ṣọ̀wọ́n kí ara èèyàn tó bá a jà.

Ìdí rẹ̀ nìyí. Bí ara bá ń fọ́ ester sí wẹ́wẹ́, èròjà kan tí wọ́n ń pè ní PABA ló ń jáde nínú rẹ̀, PABA yìí gan-an sì ni ara àwọn kan máa ń bá jà. Ẹ̀dọ̀ ló ń fọ́ amide, kò sì sí PABA níbẹ̀. Nítorí náà, ẹni tí ara rẹ̀ kọ procaine sábà máa ń lè gba lidocaine láìsí wàhálà. Àléjì tòótọ́ sí oògùn ìdílé amide ṣọ̀wọ́n gan-an. Nínú gbogbo ìṣòro tí àwọn aláìsàn ń ròyìn lẹ́yìn abẹ́rẹ́ amárakú, èyí tó jẹ́ àléjì tòótọ́ kò tó 1 nínú 100.

Ẹ jẹ́ ká fi làálì ṣe àpẹẹrẹ, nítorí a ń lò ó níbi ìyàwó àti nígbà ọdún. Làálì tí wọ́n gún láti ara ewé, tó máa ń pọ́n, kì í sábà fa wàhálà. Ṣùgbọ́n àwọn kan ń po èròjà aró irun tí wọ́n ń pè ní PPD mọ́ ọn kó lè dúdú kíákíá. Bí ọmọ yín bá ti fi irú làálì dúdú bẹ́ẹ̀ rí, tí ọwọ́ rẹ̀ sì wú, tó yún un, tó sì lé róró, ẹ sọ ọ́ fún dókítà. PPD àti àwọn oògùn ìdílé ester jọra tó bẹ́ẹ̀ tí ara tó kọ ọ̀kan fi lè kọ èkejì. Kò kan lidocaine.

Ohun tó jọ àléjì tí kì í ṣe àléjì

Tí wọ́n bá ní “abẹ́rẹ́ náà kò bá mi lára mu,” ohun tó ṣẹlẹ̀ lè jẹ́ ọ̀kan nínú nǹkan bíi mélòó kan.

Àkọ́kọ́ ni ìdákú nítorí ìbẹ̀rù. Ojú aláìsàn á funfun, òógùn tútù á bò ó, òòyì á kọ́ ọ, ọkàn rẹ̀ á máa lù díẹ̀díẹ̀. Bí wọ́n bá tẹ́ ẹ sílẹ̀, ara rẹ̀ á tètè bọ̀ sípò. Ara rẹ̀ kò sú, èémí rẹ̀ kò sì há.

Èkejì ni iṣẹ́ adrenaline. Wọ́n máa ń po ó mọ́ abẹ́rẹ́ amárakú, pàápàá ti eyín, kí ẹ̀jẹ̀ má bàa dà púpọ̀, kí oògùn náà sì lè pẹ́ lára. Ó lè mú kí àyà máa lù kìkì, kí ọwọ́ sì máa gbọ̀n fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Kì í ṣe àléjì.

Ẹ̀kẹta ni àpọ̀jù oògùn, tàbí kí abẹ́rẹ́ bọ́ sínú iṣan ẹ̀jẹ̀. Ètè àti ahọ́n á kú, ẹnu á dà bíi pé èèyàn lá irin, etí á máa hó, ọ̀rọ̀ ẹnu á máa wọ́. Bó bá le, gìrì lè mú aláìsàn, ọkàn rẹ̀ sì lè dáwọ́ dúró. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń wo ìwọ̀n ara aláìsàn: ìwé tó ń bá lidocaine tí kò ní adrenaline rìn ní Amẹ́ríkà sọ pé kò gbọ́dọ̀ ju mílígíráàmù 4.5 lọ fún kìlógíráàmù kọ̀ọ̀kan, kí gbogbo rẹ̀ má sì ju mílígíráàmù 300 lọ fún àgbàlagbà. Ẹni tí irú èyí ṣẹlẹ̀ sí ṣì lè gba oògùn náà lọ́jọ́ mìíràn, bí wọ́n bá dín in kù, tí wọ́n sì fara balẹ̀ gún un.

Àléjì tòótọ́ ní àmì tirẹ̀. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ sí nǹkan bíi wákàtí kan, ara á sú wúruwùru, á máa yún, ètè tàbí ìpéǹpéjú á wú, èémí á há, ẹ̀jẹ̀ á sì lọ sílẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí aláìsàn lè dákú. Irú kejì tún wà tó máa ń pẹ́: lẹ́yìn ọjọ́ kan sí mẹ́ta, ibi tí wọ́n fi oògùn kàn á pọ́n, á yún, á sì lé róró. Ìyẹn kì í pa èèyàn, ṣùgbọ́n ó yẹ kí dókítà mọ̀.

Nǹkan mìíràn tó lè jẹ́ òun ló fa wàhálà náà

Ọ̀pọ̀ ìgbà ni wọ́n ń bá lidocaine wí, tó sì jẹ́ pé ohun tó wà pẹ̀lú rẹ̀ ló jẹ̀bi.

Èròjà tí kì í jẹ́ kí oògùn bàjẹ́ ni ọ̀kan. Nínú ìgò ńlá tí wọ́n ń fa oògùn nínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ju ẹyọ kan lọ, methylparaben sábà máa ń wà níbẹ̀, ó sì jọ PABA. Nínú oògùn tó ní adrenaline, èròjà sulphite kan máa ń wà, ó sì lè mú kí èémí ẹni tó ní ikọ́ fée há. Ìgò kékeré tí wọ́n ń lò fún èèyàn kan ṣoṣo, tí kò ní èròjà wọ̀nyí, wà.

Èkejì ni chlorhexidine, oògùn apakòkòrò. Ó wà nínú àwọn jẹ́ẹ̀lì kátẹ́tà kan pẹ̀lú lidocaine. Wọ́n ń fi nu awọ ara kí wọ́n tó gúnni lábẹ́rẹ́, wọ́n sì ń fi ra àwọn kátẹ́tà ọrùn kan lára. Ó wà nínú oògùn ìfọnu, ó sì wà nínú jẹ́ẹ̀lì tí wọ́n ń fi sí ìdodo ìkókó ní Nàìjíríà. Àléjì rẹ̀ lè le débi ikú. Ní 2012, MHRA, àjọ tó ń bójú tó oògùn nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kìlọ̀ fún àwọn ilé ìwòsàn nípa rẹ̀. Nítorí náà, bí ara bàbá bá ti wú rí lẹ́yìn tí wọ́n fi kátẹ́tà sí i, kí ẹ má yára sọ pé lidocaine ni. Ẹ ní kí wọ́n wo ohun gbogbo tí wọ́n kọ sára jẹ́ẹ̀lì náà.

Ẹ̀kẹta ni rọ́bà fúnra rẹ̀. Latex, tó ń wá láti ara igi rọ́bà, ni wọ́n fi ṣe ọ̀pọ̀ kátẹ́tà ìtọ̀ àti ìbọ̀wọ́. Bí ètè ẹnì kan bá máa ń wú tó bá fẹ́ bàlúù tí àwọn ọmọdé fi ń ṣeré, tàbí tí ọwọ́ rẹ̀ ń yún tó bá wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà, ó yẹ kí ẹ sọ ọ́. Àwọn kan nínú wọn ni ẹnu wọn máa ń yún tí wọ́n bá jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́, píà tàbí ìbẹ́pẹ. Àwọn ọmọ tí wọ́n bí pẹ̀lú àbùkù ọ̀pá ẹ̀yìn, tí wọ́n ti ń lo kátẹ́tà láti kékeré, wà lára àwọn tó yẹ kí a ṣọ́ra fún jù. Kátẹ́tà tí wọ́n fi silicone ṣe wà fún irú wọn, ìbọ̀wọ́ tí kò ní latex náà sì wà.

Abẹ́rẹ́ tí oògùn méjì wà nínú rẹ̀

Ọ̀pọ̀ àgbàlagbà ló ti gba abẹ́rẹ́ procaine penicillin nígbà èwe wọn. Bí ara wọn bá sú nígbà náà, penicillin ló lè fà á, procaine náà sì lè fà á. Èyíkéyìí tó wù kó jẹ́, kò sí lidocaine níbẹ̀. Àwọn kan tiẹ̀ wà tó jẹ́ pé bí wọ́n ṣe ń gba abẹ́rẹ́ náà lọ́wọ́ ni ẹ̀rù ńlá bò wọ́n, tí wọ́n ń pariwo pé àwọn ń kú lọ, tí wọ́n sì ń rí ohun tí ẹlòmíràn kò rí. Àwọn ará ilé lè rò pé ọ̀rọ̀ náà ní ọwọ́ ayé nínú. Àwọn oníṣègùn mọ̀ ọ́n dáadáa: oògùn náà ló ṣèèṣì bọ́ sínú iṣan ẹ̀jẹ̀, kì í sì í pẹ́ kúrò. Kì í ṣe àléjì.

Òmíràn ni ceftriaxone. Bí wọ́n bá fẹ́ gún un sí ìdí tàbí itan, lidocaine ni wọ́n sábà máa ń fi pò ó kó má bàa dunni púpọ̀. Ẹni tí ara rẹ̀ wú lẹ́yìn rẹ̀ kò lè fẹnu ara rẹ̀ sọ èyí tó fà á nínú méjèèjì. Àyẹ̀wò nìkan ló lè sọ ọ́.

Chloroquine ńkọ́? Ara yíyún tí ọ̀pọ̀ wa mọ̀ mọ́ oògùn ibà yìí kò ní nǹkan kan ṣe pẹ̀lú oògùn amárakú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìró orúkọ wọn fẹ́ jọra.

Ohun tí dókítà lè lò dípò

Bí wọ́n bá ti gbọ́ ìtàn aláìsàn tán, ọ̀nà tó wà nìwọ̀nyí:

1. Bí ó bá jẹ́ ester ni ara rẹ̀ kọ̀, wọ́n lè lo amide bíi lidocaine, láti inú ìgò kékeré tí kò ní methylparaben.

2. Bí ó bá jẹ́ chlorhexidine ni, wọ́n lè lo jẹ́ẹ̀lì lidocaine tí kò ní in, kí wọ́n sì fi povidone-iodine tàbí omi iyọ̀ ilé ìwòsàn nu ara.

3. Bí àyẹ̀wò bá ti fi hàn pé lidocaine gan-an ni, wọ́n lè lo ester bíi chloroprocaine níbi tó bá wà. Wọ́n tún lè lo amide mìíràn, ṣùgbọ́n kìkì bí àyẹ̀wò bá ti fi hàn pé ara aláìsàn gbà á, nítorí ara tó kọ amide kan lè kọ òmíràn.

4. Fún kátẹ́tà inú iṣan, wọ́n lè gún diphenhydramine, oògùn tí wọ́n ń lò fún ara yíyún, tí wọ́n ti là sí ìdá 1 nínú 100, sábẹ́ awọ. Ó ń ta èèyàn nígbà tí wọ́n bá ń gún un, kì í pẹ́ lára, bó bá sì ki jù, ó lè ba ẹran ara jẹ́. Nítorí náà, wọn kì í lò ó sí ìka ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀. Omi iyọ̀ tó ní benzyl alcohol náà lè mú awọ kú díẹ̀ fún ìgbà kúkúrú, ṣùgbọ́n wọn kì í lò ó fún ìkókó.

5. Ohun tútù, bíi yìnyín tàbí oògùn tútù tí wọ́n ń fọ́n sí awọ, lè dín oró abẹ́rẹ́ kù láìsí oògùn amárakú kankan. Awọ ara lóde nìkan ni wọ́n ń lò ó sí.

6. Fún kátẹ́tà ìtọ̀, jẹ́ẹ̀lì lásán tó ń yọ̀, tí kò ní oògùn nínú, lè tó bí ọwọ́ ẹni tó ń ṣe é bá já fáfá, tó lo rọ́bà tó mọ níwọ̀n, tí kò sì kánjú. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe é fún ọ̀pọ̀ obìnrin, nítorí ọ̀nà ìtọ̀ tiwọn kúrú. Ṣùgbọ́n ẹ má fi Vaseline tàbí òróró ra á: ó ń ba latex jẹ́.

7. Bí ìrora bá pọ̀ tàbí tí rọ́bà kò bá kọjá, dókítà tó mọ̀ nípa oògùn akunlóorun lè fún aláìsàn ní oògùn tó máa mú un tòògbé, kí wọ́n sì máa ṣọ́ èémí àti ẹ̀jẹ̀ rẹ̀.

Ẹ kíyè sí ìpara kan tí wọ́n ń pè ní EMLA. Lidocaine àti prilocaine ló wà nínú rẹ̀. Ẹni tí ara rẹ̀ kọ amide kò gbọ́dọ̀ lò ó bíi pé ohun mìíràn ni. Yàtọ̀ sí èyí, prilocaine lè mú kí ẹ̀jẹ̀ má lè gbé atẹ́gùn dáadáa mọ́, ewu yìí sì pọ̀ jù fún ẹni tí G6PD rẹ̀ kò tó, ohun tó wọ́pọ̀ ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà. Bí ẹ bá mọ̀ pé ó wà nínú ẹbí yín, ẹ dárúkọ rẹ̀.

Ohun kan ṣe pàtàkì ju gbogbo èyí lọ: ẹni tí kò lè tọ̀ rárá kò lè dúró de àyẹ̀wò àléjì. Wọ́n gbọ́dọ̀ fa ìtọ̀ náà jáde lọ́jọ́ yẹn, kí wọ́n sì lo ọ̀nà tí kò ní oògùn tí a ń fura sí nínú. Àyẹ̀wò lè tẹ̀ lé e.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe àyẹ̀wò

Dókítà tó mọ̀ nípa àléjì á kọ́kọ́ fi oògùn náà kán awọ, á sì fi abẹ́rẹ́ kékeré tọ́ ọ. Bí kò bá sí nǹkan kan, á gún díẹ̀ sínú awọ, lẹ́yìn náà á máa fi kún un díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi tó ìwọ̀n tí wọ́n ń lò. Ilé ìwòsàn tó ní ohun tí wọ́n fi ń gba ẹ̀mí là ni wọ́n ti ń ṣe é. Ó sábà máa ń dára kí ọ̀sẹ̀ 4 sí 6 ti kọjá lẹ́yìn ìṣẹ̀lẹ̀ náà. Wọn kò gbọ́dọ̀ yẹ lidocaine nìkan wò. Ó yẹ kí wọ́n yẹ chlorhexidine àti latex náà wò.

Bí àléjì bá bẹ̀rẹ̀ lójú yín

Bí èémí bá há, tí ètè wú, tàbí tí aláìsàn bá ń dákú lẹ́yìn tí wọ́n fi oògùn sí i, ẹ kígbe pe nọ́ọ̀sì lójú ẹsẹ̀. Abẹ́rẹ́ adrenaline sí ẹ̀gbẹ́ itan ni oògùn àkọ́kọ́. Ti àgbàlagbà jẹ́ mílígíráàmù 0.5. Oògùn ara yíyún nìkan kò tó. Ẹ jẹ́ kí aláìsàn dùbúlẹ̀, kí wọ́n gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ sókè. Bó bá jẹ́ pé èémí ló ń dà á láàmú, ó lè jókòó. Ẹ má jẹ́ kó dìde rìn. Bí ilé ìwòsàn náà bá lè ṣe é, kí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ fún àyẹ̀wò tryptase láàárín wákàtí mélòó kan. Ó máa ran dókítà lọ́wọ́ lẹ́yìn náà láti mọ̀ bóyá àléjì ni lóòótọ́.

Ohun tó yẹ kí ẹ kọ sílẹ̀

Ìwé kékeré kan tó wà nínú àpò ju àlàyé ẹnu lọ. Ẹ kọ nǹkan wọ̀nyí sínú rẹ̀:

– Orúkọ oògùn náà bó ṣe wà lára ìgò tàbí páálí. Bó bá ṣeé ṣe, ẹ ya fọ́tò rẹ̀.
– Ohun tí wọ́n fẹ́ fi ṣe: eyín, abẹ́, ìdábẹ́ ọmọ, kátẹ́tà, tàbí ibà.
– Bí àkókò ṣe tó kí àmì àkọ́kọ́ tó yọ.
– Ohun tí ẹ fojú rí: ara sísú, wíwú, èémí, ìdákú, gìrì. Ẹ má kọ “kò bá a lára mu” lásán.
– Oògùn tí wọ́n fi tọ́jú rẹ̀, àti bóyá wọ́n dá a dúró sí ilé ìwòsàn.
– Bóyá ó ti gba irú oògùn bẹ́ẹ̀ rí lẹ́yìn ìgbà náà tí nǹkan kan kò sì ṣe é. Èyí nìkan lè yanjú ọ̀rọ̀ náà.
– Ohun mìíràn tí ara rẹ̀ kọ̀: làálì dúdú, aró irun, ìbọ̀wọ́ rọ́bà, oògùn ìfọnu.

Bí dókítà bá ti yẹ̀ ẹ́ wò tó sì rí i pé kò sí àléjì, ẹ ní kó kọ ìyẹn náà sínú ìwé, kí wọ́n sì pa ọ̀rọ̀ àtijọ́ rẹ́ nínú fáìlì. Àìmọye àgbàlagbà ló ń jẹ ìrora tí kò yẹ kí wọ́n jẹ nítorí gbólóhùn kan tí ẹnì kan kọ sílẹ̀ ní ogún ọdún sẹ́yìn tí ẹnikẹ́ni kò padà béèrè ìdí rẹ̀. Bó bá sì jẹ́ àléjì tòótọ́ ni, kí gbogbo ará ilé mọ orúkọ oògùn náà, nítorí ọjọ́ tí wọ́n máa nílò rẹ̀, ó lè jẹ́ pé aláìsàn fúnra rẹ̀ kò ní lè sọ̀rọ̀.